Bí Ófùnù Bá Dákẹ́

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ lálẹ́ òní lè dà bí ọ̀rọ̀ ilé ìdáná lásán létí ẹni tí irú rẹ̀ kò tíì bá rí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ófùnù oníná mànàmáná ṣe ọ̀nà oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ̀rọ tí ó yan búrẹ́dì lánàá, tí ilẹ̀ mọ́, tí a tẹ bọ́tìnì rẹ̀ tí kò fọhùn, tí ojú rẹ̀ kò tàn, tí inú rẹ̀ kò gbóná: kí ni ó ń ṣe é? Ta ni ó yẹ kí ó wò ó? Èló ni ó sì yẹ kí ó ná ẹni tí ó ni ín?

Ẹ jẹ́ kí a gbé ọ̀rọ̀ náà ka Ṣakí, kí ó lè ní ilé tí ó ń gbé. Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn gba Ìsẹ́yìn lọ sí Ṣakí, tí ó la ilẹ̀ ọ̀dàn kọjá láàárín oko àgbàdo, oko ẹ̀gẹ́ àti oko bàrà, yóò mọ̀ pé ìrìn náà kì í ṣe ìrìn wákàtí kan. Ká sọ pé obìnrin kan wà níbẹ̀ tí ó ń yan kéèkì àti búrẹ́dì fún àwọn onínàáwó. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, ófùnù rẹ̀ dákẹ́. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìgbéyàwó ń bẹ, wọ́n sì ti san àsansílẹ̀ owó kéèkì alájà mẹ́ta. Bí ó bá gbé ẹ̀rọ náà sínú ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, ọjọ́ kan ti lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá sọ fún un níbẹ̀ pé pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti jó, kí ó wá òmíràn lọ sí ọjà Alaba ní Èkó, ọjọ́ mìíràn tún ti lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti lò ní òkèèrè kí ó tó dé ilẹ̀ yìí, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní tòkunbọ̀, ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é sì lè ti dẹ́kun àtimáa ṣe irú pánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ohun tí ó kù fún obìnrin náà kò ju kí ó padà sí ìdí ààrò èédú. Èédú kò wọ́n ní Òkè-Ògùn. Láti agbègbè náà ni wọ́n ti ń kó o rẹpẹtẹ lọ sí àwọn ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n kéèkì alájà mẹ́ta lórí èédú, ẹni tí ó bá ti dán an wò rí ni kí ó sọ bí ìdí rẹ̀ ṣe rí.

Púpọ̀ nínú àwọn pánẹ́ẹ̀lì tí à ń pè ní òkú ni kò kú. Ẹ̀yà kan tàbí méjì ni ó bàjẹ́ lára wọn, iye owó ẹ̀yà bẹ́ẹ̀ kì í sì í sábà tó owó ọkọ̀ láti Ṣakí dé Ìbàdàn. Ẹ wo àwọn tí ń hun aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn. Bí òwú kan bá já láàárín ọ̀pọ̀lọpọ̀ òwú tí ahunṣọ ta, kì í gé aṣọ náà dànù. Yóò fi ìka tọ òwú náà lọ títí yóò fi rí ibi tí ó gbé já, yóò so ó, yóò sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí a ṣe ń wá àìsàn pánẹ́ẹ̀lì gan-an nìyẹn. Ọ̀nà tí iná ń gbà ni a ó tọ̀, láti ara ògiri títí dé ibi tí kò ti lè kọjá mọ́. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti àárín, tí ó ń yọ ẹ̀yà kan sílẹ̀ tí ó ń fi òmíràn sí i, àfọ̀ṣẹ ni ó ń ṣe, kò tún ẹ̀rọ ṣe.

Ófùnù àtijọ́ kò ní pánẹ́ẹ̀lì rárá. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí epo wà nínú rẹ̀ ni wọ́n fi sínú ààrò. Bí ooru bá mú epo náà wú, yóò ti síwíìṣì kan, iná yóò sì já. Bí ó bá tutù, epo yóò sún kì, iná yóò padà dé. Lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ Intel ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé ọpọlọ ẹ̀rọ tí wọ́n pè ní 4004 jáde ní ọdún 1971, irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kéré, owó rẹ̀ sì ń wálẹ̀, títí ó fi wọ inú ohun èlò ilé ìdáná. Pánẹ́ẹ̀lì tí ó wà lẹ́yìn ojú ófùnù òde òní ń sọ iná ńlá 230 fóltì di iná kékeré tí ọpọlọ náà lè gbà. Ó ń ka bí ooru inú ààrò ti tó, ó sì ń pàṣẹ fún ríléè pé kí ó ṣí iná sí irin ìgbóná tàbí kí ó pa á. Ríléè kò ju síwíìṣì tí òòfà ń fà lọ. Òun ni ó máa ń dún “kẹ́” nígbà tí ófùnù bá ń ṣiṣẹ́.

Síbẹ̀, ibi àkọ́kọ́ tí oníṣẹ́ tí ó mọṣẹ́ yóò wò kò sí nínú pánẹ́ẹ̀lì. Aago ni. Ọ̀pọ̀ ófùnù tí wọ́n ṣe ní Yúróòpù ni kì í gbóná rárá lẹ́yìn tí iná bá lọ tí ó sì dé, àfi bí a bá kọ́kọ́ sọ ohun tí aago wí fún un. Irú ọ̀rọ̀ tí ó máa ń wáyé nìyí láàárín oníṣẹ́ àti ẹni tí ó pè é:

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná lọ lóru àná?”

“Ó lọ, ọ̀gá. Nígbà tí ó dé, òdo òdo ni ó ń ṣẹ́jú lójú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́, kò gbóná.”

“Kò ṣe é ní nǹkan kan, Màmá. Ẹ ò tíì sọ aago fún un ni. Ẹ tẹ méjì yìí pọ̀, kí ẹ wá fi èyí ka aago lọ síwájú.”

Oníṣẹ́ tí ó bá jẹ́ olóòótọ́ yóò gba owó ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò sì máa lọ. Èyí tí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò gbé ófùnù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ìlú tí iná ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ní àìmọye ìgbà láàárín ọ̀sẹ̀, ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó ní ófùnù mọ bọ́tìnì méjì wọ̀nyí ju bí ó ti mọ orúkọ àwọn àlejò rẹ̀ lọ.

Wàhálà aago ófùnù kì í sì í ṣe ti ilẹ̀ Nàìjíríà nìkan. Láti àárín oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018 títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ọdún náà, aago ara ófùnù rẹ̀yìn ní orílẹ̀-èdè 25 ní Yúróòpù, títí ó fi tó nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́fà. Aáwọ̀ láàárín Serbia àti Kosovo ni ó fà á. Iná tí ó yẹ kí wọ́n fi sórí okùn iná tí gbogbo wọn jọ ń lò kò pé. Ìgbì iná náà, tí ó yẹ kí ó lù nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, sì dín díẹ̀. Àwọn aago tí ń ka ìgbì yìí gẹ́gẹ́ bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà kò sì mọ̀ pé a ti dín in kù. Nítorí ìdí kan náà ni ófùnù tí wọ́n bá kó wá láti Amẹ́ríkà ṣe ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rẹ̀yìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan níhìn-ín bí aago rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tí ń ka ìgbì: 60 ni ìgbì tiwọn, 50 ni tiwa. Èyí kéré lára ohun tí ó lè ṣe ófùnù Amẹ́ríkà. Wáyà láìfù méjì ni wọ́n ń fà wọ inú rẹ̀ nílé wọn lọ́hùn-ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 120 fóltì sí nútírà. Bí oníná bá so láìfù 230 fóltì tiwa mọ́ ibi tí pánẹ́ẹ̀lì ti ń retí 120, èéfín ni yóò kọ́kọ́ jáde, kí ariwo tó tẹ̀lé e.

Ti obìnrin Ṣakí yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Òdo kò ṣẹ́jú lójú ófùnù rẹ̀; ṣe ni ó ṣú dùdù. Nítorí náà, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ó kàn. Kí a fi ẹ̀rọ mìíràn tí ó ń ṣiṣẹ́ dán an wò, kí a sì fi mítà wọn iná rẹ̀. Bí mítà bá sọ pé 150 fóltì ni, iná tí kò tó nìyẹn, ó sì ṣeé ṣe kí pánẹ́ẹ̀lì má jí rárá. Bí ó bá sún mọ́ 230, kí a yọ púlọ́ọ̀gì, kí a fi mítà tọ wáyà rẹ̀ dé ibi tí ó ti wọ ẹ̀yìn ófùnù. Wáyà tí ó wà nítòsí ooru máa ń gbẹ, ó máa ń ṣẹ́ nínú awọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ojú rí i. Kí a wọn irin ìgbóná náà pẹ̀lú: irin tí ó jẹ́ 2,000 wáàtì yóò fi nǹkan bí ọ́ọ̀mù 26 hàn lójú mítà. Bí ó bá fi òdo hàn, tàbí tí mítà sọ pé ó kan ara páànù ófùnù, òun gan-an ni olè, a kò sì gbọdọ̀ fi iná sí i.

Láàárín wáyà àti pánẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yà kékeré kan wà tí ó tó owó ẹyọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti já iná bí ooru bá pọ̀ jù lẹ́yìn ààrò. Bí ó bá ti já, gbogbo ófùnù yóò dákẹ́ bí ẹni pé pánẹ́ẹ̀lì ni ó kú. Ṣùgbọ́n kì í ṣàdédé já. Fáànù tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí pánẹ́ẹ̀lì lè ti dúró nítorí eruku ọyẹ́, tàbí kí wọ́n ti ti ẹ̀yìn ófùnù mọ́ ògiri tí afẹ́fẹ́ kò fi ráyè kọjá. A ó wá ìdí rẹ̀ kí a tó fi tuntun sí i.

Níbi yìí ni ó ti yẹ kí á sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò gbọdọ̀ fò wá ru, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tún rédíò ṣe ni ó mọ̀ pé bí iná bá ti kọjá tiransífọ́mà, ó ti di iná kékeré tí ọwọ́ lè kàn. Pánẹ́ẹ̀lì ófùnù kò rí bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Kí owó rẹ̀ má bàa pọ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni kò fi tiransífọ́mà sí i. Kapásítọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dín iná kù. Lórí irú pánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀, ibi tí mítà yóò ti sọ pé 5 fóltì péré ni ó wà, láìfù ara ògiri lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án nígbà tí ó dúró lórí sìmẹ́ńtì tútù lè máà rójú sọ ìtàn rẹ̀. Nítorí náà, púlọ́ọ̀gì ni a ó yọ. Pípa síwíìṣì ara ògiri nìkan kò tó, nítorí àwọn oníná kan a máa so síwíìṣì mọ́ nútírà, tí láìfù yóò sì wà nínú ẹ̀rọ síbẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí a fi rẹsísítọ̀ fa iná tí ó kù nínú kapásítọ̀ náà jáde. Gbogbo ìwọ̀n tí a bá lè wọ̀n láìsí iná ni kí a kọ́kọ́ wọ̀n.

Ojú ni ohun èlò àkọ́kọ́ nígbà tí pánẹ́ẹ̀lì bá jáde. Èèrà fẹ́ràn ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, wọn a sì máa kó ẹyin wọn sábẹ́ ríléè. Ọmọńlé a máa gba ihò wáyà wọlé, yóò fi ara rẹ̀ so láìfù pọ̀ mọ́ nútírà, ibẹ̀ ni yóò sì kú sí. Eruku ọyẹ́ kò ṣe nǹkan nígbà tí ó bá gbẹ. Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ tí ọ̀rinrin wọ inú rẹ̀, ó di ọ̀nà fún iná. Búrọ́ṣì ìfọyín àti sípírítì ni a ó fi nù ún. Àwọn pánẹ́ẹ̀lì kan wà tí ìmọ́tótó yìí nìkan ti tó láti jí wọn.

Lórí pánẹ́ẹ̀lì obìnrin yìí, kò sí èèrà. Fíúsì onígíláàsì rẹ̀ dúdú nínú, bí ẹni pé wọ́n da yíǹkì sí i. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀yà róbótó aláwọ̀ búlúù kan ti là sí méjì. Farísítọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí iná bá wà ní ìwọ̀n, farísítọ̀ kì í ṣe nǹkan kan. Bí iná bá pọ̀ jù, yóò sọ ara rẹ̀ di ọ̀nà, yóò gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra, fíúsì yóò sì já, kí iná má baà dé ọ̀dọ̀ ọpọlọ. Àwọn méjèèjì ti kú nítorí àwọn tí ó kù. Àmì rere ni èyí jẹ́. Fíúsì tí ó dúdú bẹ́ẹ̀ sọ pé nǹkan ńlá ni ó kọjá. Èyí tí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ kàn yọ́ láàárín, tí gíláàsì rẹ̀ mọ́, ìrẹ̀wẹ̀sì ogbó lè ni tirẹ̀.

Níbo ni iná àpọ̀jù náà ti wá? Àwọn ènìyàn a máa sọ pé “Nẹ́pà ni.” Orúkọ yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ ẹ, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1972, ti yí orúkọ padà ní 2005, tí wọ́n sì ti ta pípín iná fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni ní ọdún 2013. Ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ rọrùn láti lóye. Féèsì mẹ́ta ni ó ń gba orí òpó àdúgbò, nútírà kan ni gbogbo wọn sì jọ ń lò. Láàárín féèsì kan àti nútírà, 230 fóltì ni. Láàárín féèsì kan àti èkejì, 400 ni. Bí nútírà bá já lórí òpó nítorí ìjì, ilé tí ó wà lórí féèsì kan yóò di ẹni tí a so pọ̀ mọ́ ilé tí ó wà lórí òmíràn. Ilé tí ó tan nǹkan púpọ̀ yóò rí iná tí kò tó. Ilé tí ó tan gílóòbù kan àti aago ófùnù yóò rí èyí tí ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 400. Ìdí nìyí tí iná fi ń mọ́lẹ̀ gbòò ní ilé kan, tí ó sì ń rẹ̀ wẹ̀sì ní ilé kejì, ní òru ọjọ́ kan náà. Ẹni tí ó bá rí gílóòbù rẹ̀ tí ó mọ́lẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí ó sáré yọ púlọ́ọ̀gì, kí ó tó béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Níbi tí a dé yìí ni iṣẹ́ ti ń yà sí ọ̀nà méjì. Oníṣẹ́ tí ó ń kánjú yóò gé bébà dídán inú páálí sìgá, yóò fi wé fíúsì náà, yóò sì tan iná. Bí wáyà bá ṣì kanra níbìkan, èyí tí wọ́n ń pè ní bíríìjì, bébà yẹn kò ní já; pánẹ́ẹ̀lì ni yóò jó, bóyá ilé pẹ̀lú. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó tún ń fi wáyà fo ẹ̀yà tí ń já iná nígbà tí ooru bá pọ̀ jù, tí yóò sì sọ fún oníbàárà pé òun ti “ṣe é.” Ìwà ìkà ni. Ẹni tí ó sanwó kò mọ̀ pé ohun tí ó ń dáàbò bo òun àti àwọn ọmọ òun nígbà tí wọ́n bá sùn ni wọ́n yọ kúrò.

Ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ yóò fi farísítọ̀ tuntun àti fíúsì tí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti àtijọ́ mu sí i. Lẹ́yìn náà, kò ní so pánẹ́ẹ̀lì náà mọ́ iná tààrà. Yóò so gílóòbù 100 wáàtì, irú àtijọ́ tí ó ní wáyà nínú, sí àárín ọ̀nà láìfù. Bí gílóòbù yìí bá mọ́lẹ̀ kedere, bíríìjì ṣì wà, gílóòbù náà ni ó sì gba ìyà rẹ̀. Bí ó bá ṣú tàbí tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ọ̀nà mọ́. Ọgbọ́n yìí kò náni ju owó gílóòbù kan àti ihò rẹ̀ lọ, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ pánẹ́ẹ̀lì là ju bí ẹnikẹ́ni ti lè kà lọ.

Gílóòbù ọ̀gá yìí ṣú. Ojú ófùnù tàn. Inú oníkéèkì dùn, ó sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í po ìyẹ̀fun. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ojú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ dáadáa, nígbà tí wọ́n sì tẹ bọ́tìnì ìgbóná, ríléè dún “kẹ́-kẹ́-kẹ́” bí eyín ẹni tí òtútù ń mú, ojú náà sì ṣú padà. Ọ̀gá béèrè ọ̀rọ̀ kan tí ó yẹ kí gbogbo oníṣẹ́ máa béèrè: “Màmá, kí ó tó dákẹ́, ṣé ó ti ń ṣe bákan?” Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta ni nọ́ńbà rẹ̀ ti ń rẹ̀, òun rò pé eruku ni.

Àìsàn méjì ni ó wà lára rẹ̀ nígbà náà, ti òru àná àti ti láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí ó bá dúró níbi fíúsì kò tíì ṣe ju ìdajì iṣẹ́ lọ, ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àṣírí rẹ̀ ìbá sì tú. Kapásítọ̀ tí ń dín iná kù lórí pánẹ́ẹ̀lì tí kò ní tiransífọ́mà ni ó yẹ kí a fura sí. Wọ́n kọ 0.47 máíkírófáráàdì sí i lára. Nígbà tí ó pé bẹ́ẹ̀, nǹkan bí mílíáńpù 34 ni ó lè jẹ́ kí ó kọjá. Ṣùgbọ́n irú kapásítọ̀ yìí a máa wo ara rẹ̀ sàn: nígbàkígbà tí iná àpọ̀jù bá lu ú, yóò jó díẹ̀ dànù nínú ara rẹ̀ kí ó má baà bíríìjì. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, yóò ti jó ara rẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀. Mítà ọ̀gá sọ pé 0.19 ni ó kù. Mílíáńpù 14 péré ni èyí lè gbé, ríléè kan ṣoṣo sì lè fẹ́ 20. Aago nìkan ló lè bọ́. Bí ríléè bá ti béèrè tirẹ̀, ebi á pa gbogbo ilé.

A kì í fi kapásítọ̀ kan ṣáá rọ́pò rẹ̀ o. Èyí tí wọ́n kọ X2 sí lára, tí ó sì lè gba 275 fóltì iná ògiri, ni kí a wá. Bí kò bá sí lọ́jà Ṣakí, irú rẹ̀ wà níbi tí iná ti ń wọ inú kọ̀ǹpútà tí ó ti bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni ó sì ní òkú kọ̀ǹpútà ní kọ̀rọ̀. Kí a sá ti wọ̀n ọ́n kí a tó lò ó. Bí ọ̀gá bá ti jó kapásítọ̀ yìí mọ́ ọn pẹ̀lú òjé, kí ó wo àwọn agolo kékeré onírin tí wọ́n wà nítòsí. Èyí tí orí rẹ̀ bá wú bí àkàrà, kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Kí ó wá wọn ẹ̀yà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n sábà máa ń kọ 7805 sí lára: 5 fóltì ni ó gbọ́dọ̀ mú jáde. Bí 5 bá pé tí ó sì dúró, ọpọlọ ti rí oúnjẹ rẹ̀ jẹ.

Ríléè náà ní àrùn tirẹ̀. Iná tí ó lè tó áńpù mẹ́sàn-án ni ó ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń gbóná ó ń tutù, títí òjé tí ó wà nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi là yíká bí òrùka. Ojú lásán lè máà rí i. Awò tí ń mú nǹkan tóbi yóò rí i. Kí a tún òjé rẹ̀ jó. Bí ó bá jẹ́ pé ríléè ń dún ṣùgbọ́n tí ààrò kò gbóná, ẹnu rẹ̀ ti jó nínú, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ọpọlọ fúnra rẹ̀ ni ó kú, kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí i, nítorí ohun tí ilé iṣẹ́ kọ sínú rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ wa. Nígbà náà ni a tó lè sọ̀rọ̀ pánẹ́ẹ̀lì mìíràn, tàbí kí a yọ pánẹ́ẹ̀lì kúrò pátápátá, kí a sì fi bọ́tìnì yíyí àti ọ̀pá epo ti àtijọ́ sí i. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń yan búrẹ́dì dáadáa, bí wọ́n bá ti fi ẹ̀yà tí ń já iná sílẹ̀ ní àyè rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá dá pánẹ́ẹ̀lì padà sí ẹ̀yìn ojú ófùnù. Ó gbé ófùnù náà kúrò lára ògiri díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa kọjá. Wọ́n gbé e sí 180, ríléè dún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì dákẹ́. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ yan búrẹ́dì kan, kí òun wo bí yóò ti já iná tí yóò sì tún mú un padà, kí wọ́n tó gbé nǹkan ẹlẹ́ni wọ inú rẹ̀. Nígbà tí búrẹ́dì jáde, ó di fíúsì, farísítọ̀ àti kapásítọ̀ àtijọ́ sínú bébà, ó kọ iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí ara rẹ̀, ó sì fi lé obìnrin náà lọ́wọ́.

“Kí ni kí n fi wọ́n ṣe, ọ̀gá?”

“Ẹ tọ́jú wọn, Màmá. Bí ó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún mìíràn, tí ó jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ẹ pè, ẹ fi hàn án.”

Obìnrin náà kó bébà náà sínú àpótí ṣíbí. Ó tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀, ó sọ ohun tí aago wí fún ófùnù rẹ̀, ó sì lọ po ìyẹ̀fun.